Kí Ayùn Tó Kan Pákó: Lórí Kábínẹ́ẹ̀tì Onítáyà fún Gírìlì Onípẹ́lẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ kan kábínẹ́ẹ̀tì onítáyà tí yóò gba gírìlì onípẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ rò ni irú pákó tí yóò rà, ọ̀dà tí yóò kùn ún, àti òkúta tí yóò tẹ́ sórí rẹ̀. Lójú tèmi, ìparí iṣẹ́ ló fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Kábínẹ́ẹ̀tì tó wà fún àwo àti ìkòkò nínú ilé, ohun tí a fi kàn án ni iyì rẹ̀. Èyí tó wà fún iná níta gbangba, àyè tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Àlàfo tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, èyí tí èéfín yóò gbà jáde, èyí tí ooru yóò kú sí, èyí tí ọwọ́ yóò gbà kó eérú, àti èyí tí gírìlì fúnra rẹ̀ yóò gbà jáde lọ́jọ́ tó bá lo ìlò rẹ̀ tán: àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ hàn lórí ìwé kí ayùn tó kan pákó. Iṣẹ́ pákó ni láti yí àwọn àlàfo náà ká, kó má sì dí ọ̀kankan nínú wọn.

Ó yẹ ká mọ irú ohun tí a fẹ́ kọ́lé fún ná. Ní Mount Angel, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ni Joe Traeger ti ṣe irú gírìlì yìí ní àárín àwọn ọdún 1980, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní 1986. Kì í jó èédú, kì í sì í jó gáàsì. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ló ń jó, ìyẹn ìyẹ̀fun igi tí ń bọ́ lábẹ́ ayùn, tí wọ́n mú gbẹ, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di kóró líle tí ìnípọn rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6. Inú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gírìlì la ń da pẹ́lẹ́ẹ̀tì sí. Ní ìsàlẹ̀ àpótí náà, ọ̀pá irin lílọ́ kan ń yí, ó sì ń tì wọ́n díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ìkòkò iná kékeré tó wà nínú gírìlì. Ọ̀pá mìíràn tí iná mànàmáná ń mú gbóná ló ń tanná ràn wọ́n, fáànù ló ń fẹ́ iná náà, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń wo bí ooru ṣe tó, ó ń pàṣẹ ìgbà tí pẹ́lẹ́ẹ̀tì yóò wọlé àti ìgbà tí yóò dúró. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ó lè gba nǹkan bíi wáàtì 300. Bó bá ti jó délẹ̀, bíi wáàtì 50 ti tó o. Ẹ̀rọ la fẹ́ kọ́lé fún, kì í ṣe àdògán, ohun tí ẹ̀rọ sì ń béèrè ju ohun tí èédú ń béèrè lọ.

Níbi fáànù yẹn gan-an ni iṣẹ́ káfíńtà ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú gírìlì bẹ́ẹ̀, abẹ́ àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ìtòsí ibẹ̀ náà sì ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá wà. Ibẹ̀ yìí kan náà ló máa ń wu èèyàn láti dí pa, nítorí pé òun ni kò dùn ún wò jù lára gírìlì: wáyà ń rọ̀ níbẹ̀, orí sikúrúù yọ síta. Bí a bá dí i, iná kò ní rí afẹ́fẹ́ tó, pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí kò jó tán á bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú ìkòkò iná. Kọ̀ǹpútà tó rí i pé ooru ń lọ sílẹ̀ á tún pàṣẹ kí òmíràn wọlé. Èéfín funfun tó ki á gba gbogbo inú gírìlì, bí òkìtì náà bá sì wá gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bú débi tí ìdérí á fi ṣí fúnra rẹ̀. Iná tún lè rá padà gba ọ̀nà ọ̀pá lọ sínú àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. A ó wá máa bú gírìlì nígbà tó jẹ́ pé pákó tí a fi dí i ló ń pa á. Nítorí náà, abẹ́ àpótí pẹ́lẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí a bá nílò pẹpẹ níbẹ̀, kí ó jẹ́ ti àwọ̀n irin, kí ohun tí a bá sì gbé lé e má ga débi tí yóò fi bo ojú fáànù.

Ooru náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gírìlì onípẹ́lẹ́ẹ̀tì lè gbóná dé nǹkan bíi 500 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn bíi 260 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìta irin rẹ̀ kò gbóná tó inú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé ìyàtọ̀ yẹn. Igi kì í dúró de iná kó tó bàjẹ́. Ooru tó ń rà á léraléra á mú un gbẹ, á sọ ọ́ di dúdú, á sì jẹ́ kó rọrùn fún un láti gbiná níbi tí igi tuntun kò ti ní gbiná. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìlànà tó ń bá gírìlì wá fi máa ń sọ iye íńṣì tó gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ohunkóhun tó lè jó. Iye yẹn yàtọ̀ láti gírìlì kan sí òmíràn, kò sì sí àwòrán káfíńtà tó lè rọ́pò rẹ̀. Òun ni ìlà àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń yàwòrán fà. Bí ìwé náà bá sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi igi yí gírìlì yìí ká rárá, kí a fi irin kọ́ férémù rẹ̀, tàbí kí a wá gírìlì mìíràn. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá ti tẹ́ pátákó sìmẹ́ńtì sára pákó, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Pátákó sìmẹ́ńtì kì í jóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ń gba inú rẹ̀ kọjá sára igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé e kúrò lára igi ní bí íńṣì kan, tí a ṣí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa wọlé nísàlẹ̀, kí èyí tó gbóná sì máa gba òkè lọ, ìgbà náà ló tó wúlò dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn pátákó ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ààbò náà.

Ẹ̀yìn gírìlì ni èéfín àti ìdérí ti jọ ń wá àyè. Ẹ̀yìn ni ìdérí ń ṣí sí, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ sì ni ihò èéfín máa ń wà. Ẹni tó bá gbé ògiri ẹ̀yìn kábínẹ́ẹ̀tì sókè kí ó lè máa fi ẹ̀mú àti ṣíbí kọ́, láìkọ́kọ́ ṣí ìdérí dé òpin kí ó wọn ibi tó dé, ti sọ ara rẹ̀ sínú èéfín: ìdérí ò ní ṣí tán, èéfín tó sì kọlu ògiri á yí padà sójú ẹni tó ń dáná. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ agbolé àtijọ́ gbé ilé ìdáná sí, kí iná àti èéfín lè jìnnà sí yàrá. Ọgbọ́n yẹn kò tíì gbó. Nínú International Fire Code, ìwé òfin iná tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé, kò sí àyè fún ìdáná oníná gbangba lórí báńkóọ̀nì onígi tàbí níbi tí kò jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 10, bíi mítà 3, sí ara ilé onígi, àyàfi níbi tí òfin náà yọ sílẹ̀, bíi ilé tó jẹ́ ti ìdílé kan tàbí méjì. Níbi tí òfin ti yọ̀ǹda pàápàá, ọgbọ́n orí kò yọ̀ǹda kí a ti gírìlì tó ń jó wọ gáréèjì nítorí òjò. Afẹ́fẹ́ olóró tí iná igi ń tú jáde kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Ibi tó dára ni táyà wà láti gbé iná lọ kí a tó tàn án àti lẹ́yìn tó bá tutù, kì í ṣe nígbà tó ń jó lọ́wọ́.

Ọ̀rá àti eérú ni ọ̀pọ̀ àwòrán máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń pinnu bóyá a ó gbádùn kábínẹ́ẹ̀tì náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Lára ọ̀pọ̀ gírìlì wọ̀nyí, ọ̀rá ẹran ń ṣàn lórí irin tó dà gẹ̀rẹ̀, ó ń gba ọ̀nà tóóró jáde sínú garawa kékeré. Bí garawa yẹn bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó dán, tí kò sí ẹni tó ń rí i, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀, ọ̀rá tó bá sì dà sínú kábínẹ́ẹ̀tì onígi lábẹ́ iná ti di epo ìdáná. Ibi tí ojú ń rí ló yẹ kí garawa náà gbé rọ̀, kí irin pẹlẹbẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ti eérú, lára ọ̀pọ̀ wọn, òkè la ti ń kó o: a ó gbé irin tí a fi ń yan ẹran kúrò, a ó gbé irin ọ̀rá kúrò, a ó wá fa eérú inú ìkòkò iná jáde. Nítorí náà, ó yẹ kí pẹpẹ wà nítòsí tí a lè kó àwọn irin gígùn náà lé lórí, kí ohunkóhun má sì dábùú orí gírìlì. Ọ̀pá tó ń tanná náà máa ń jó tán, ó sì ń béèrè pààrọ̀. Pákó tó bá wà níwájú sikúrúù tí a ó tú lọ́jọ́ yẹn, kí òun náà ṣeé tú.

Táyà wá kàn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ìdí rẹ̀ sì ni pé ohun tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń kanlẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí kọnkéré tó ti sán tàbí òkúta tí a tò sílẹ̀, ìgbà púpọ̀ ni ọ̀kan nínú táyà mẹ́rin máa ń fò lókè, tí mẹ́ta yòókù á sì máa ru gbogbo ẹrù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣírò ẹrù táyà, mẹ́ta ni kí ó fi pín in. Bí kábínẹ́ẹ̀tì, gírìlì àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tó kílò 240, kí táyà kọ̀ọ̀kan lè ru kílò 80, kì í ṣe 60. Bí táyà ṣe tóbi tó tún ṣe pàtàkì, nítorí pé táyà oníńṣì 2 á há sínú ojú ìsán tí táyà oníńṣì 5 á gbà kọjá. Kí a gbé wọn sí igun òde pátápátá, nítorí pé bí ìsàlẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni yóò ṣe ṣòro tó láti dojú dé, ìwúwo ìdérí sì máa ń bọ́ sẹ́yìn nígbà tí a bá ṣí i. Méjì nínú wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ ní ìjánu tó ń ti yíyí àti yíyà wọn pa pọ̀.

Ìṣírò yẹn kan náà ló ń sọ ohun tó yẹ kó wà lórí. Kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 4, tó gùn tó mítà kan, tó sì fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 60, á wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 58. Igi kédárì tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní ju bíi kílò 9 lọ. Ẹwà kọnkéré kò ṣe é jiyàn, ṣùgbọ́n òkè ni ìwúwo rẹ̀ wà, níbi tó ti lè mú kábínẹ́ẹ̀tì dojú dé, ó sì tún ń béèrè táyà tó le sí i àti férémù tó nípọn sí i. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà. Àpò pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ 20 pọ́n-ùn, bíi kílò 9, gírìlì sì ń jẹ pọ́n-ùn 1 sí 3 láàárín wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ooru tí a fẹ́ bá ṣe tó. Garawa pẹ́lẹ́ẹ̀tì olómọrí tó dé pinpin la lè gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ní òdìkejì ibi tí ooru wà. Ó gbọ́dọ̀ dé pinpin nítorí pé omi ni ọ̀tá pẹ́lẹ́ẹ̀tì: bó bá ti kan án, á wú, á tú padà di ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun yẹn á sì le gbagidi mọ́ ọ̀pá lílọ́ lára. Igi náà ń wú sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń sún kì bó bá gbẹ, nítorí náà kí àlàfo tín-ín-rín wà láàárín pákó méjì tó wà lórí. Omi òjò á gba ibẹ̀ ṣàn lọ dípò kó dúró. Wáyà iná ní láti gba ibi tí kò gbóná, kí ó sì lọ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná mànàmáná bá jò gba ibi tí kò yẹ, irú èyí tí òfin iná mànàmáná Amẹ́ríkà ní kí a máa lò níta ilé.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo wàhálà yìí kò sí bí a bá mọ ibi ìdáná bíríkì mọ́lẹ̀, tó lágbára, tó sì bu iyì kún ilé. Ẹni tó ni ilé, tó sì mọ̀ pé òun kò ní kúrò, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ìdílé Amẹ́ríkà, tàbí bíi bẹ́ẹ̀, ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti onílé àti ayálégbé lọ. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá Traeger parí ní 2006, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sì wọ ọjà lẹ́yìn náà, oníkálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Kò sí fífẹ̀ kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé. Ẹni tó bá fi bíríkì tàbí òkúta gé ihò tó bá gírìlì tòní mu géérégé lè rí i pé gírìlì tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò wọlé, tàbí pé ihò fáànù rẹ̀ bọ́ sí ara ògiri. Kábínẹ́ẹ̀tì tí a fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí pẹpẹ tó gbé gírìlì ró sì ṣeé gbé sókè tàbí sílẹ̀, á gba òmíràn. Kí àyè náà má bàa yí padà ló fà á tí ó fi yẹ kí a fi tépù wọn pákó fúnra rẹ̀ kí a tó yàwòrán: pákó tí ọjà Amẹ́ríkà ń pè ní 2x4, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1½, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 3½, bí ìyàtọ̀ yẹn bá sì pọ̀ lára férémù kan, á yí àlàfo tí a ti ṣírò padà.

Ẹlòmíràn á ní gírìlì ti ní ẹsẹ̀ àti táyà tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kí ni a tún ń wá? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń yan ẹran lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gírìlì ti tó o, owó pákó á sì dára níbòmíràn. Ẹni tó ń dáná níta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Pẹpẹ kékeré tó ń bá gírìlì wá kì í sábà gba àwo ẹran tútù àti àwo ẹran jíjinná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí àwọn méjèèjì pàdé, nítorí àìsàn tó ń ti ara ẹran tútù wá. Àyè ìgé-ẹran ní ẹ̀gbẹ́ kan, àyè ìgbé-kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ní gíga tó bá ìbàdí mu, nǹkan bíi íńṣì 36: ohun tí kábínẹ́ẹ̀tì ń fi kún gírìlì nìyẹn. Èyí tí kò bá fi kún un, tó kàn wà láti bo ẹsẹ̀ irin mọ́lẹ̀, kò tó nǹkan tí a ń fi ara ṣe.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó sọ pé àlàfo kò dára lójú, pé ewé á wọ ibẹ̀, pé òórùn ọ̀rá á pe eku. N kò lè sọ pé irọ́ ni. Àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kéré lè dí eku lọ́nà láìdí afẹ́fẹ́, garawa ọ̀rá tí a ń dà nù déédéé sì ń gba ìdí eku lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ẹwà, ó yẹ ká bi ara wa léèrè ohun tí ojú wa ti mọ́ lára. Kábínẹ́ẹ̀tì inú ilé ló kọ́ wa pé ohun tó dára ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí iná tó ń jó nínú kábínẹ́ẹ̀tì àwo. Níbi tí iná wà, ohun tí a kò rí ni a kì í tọ́jú, ohun tí a kì í tọ́jú ló sì ń di ewu. Ìlà pákó tó tọ́, igun tó ṣe déédéé, àlàfo tó dọ́gba ní apá ọ̀tún àti apá òsì, ẹwà ni wọ́n. Ohun tí a fi ń mọ káfíńtà tó mọ̀ọ́ṣe ni pé kí àlàfo dà bí ohun tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é lóòótọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tó ti parí àwòrán rẹ̀ má tíì lọ sí ilé onípákó. Kí ó fi ìbéèrè díẹ̀ dán an wò ná. Bí a bá tan iná yìí fún wákàtí mẹ́wàá, ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibo ni ooru ń gbà lọ? Ṣé a lè rí garawa ọ̀rá láìṣí ilẹ̀kùn kankan? Bí táyà kan bá fò lókè, ṣé mẹ́ta yòókù lè ru ẹrù náà? Bí gírìlì bá kú lọ́la, ṣé èèyàn méjì lè gbé e jáde kí wọ́n sì gbé òmíràn wọlé láìfọ́ pákó kankan? Ẹni tó bá lè nawọ́ sí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ìwé rẹ̀, irú pákó yòówù tó bá wù ú ni kí ó rà. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó fi ayùn sílẹ̀ títí dìgbà tí yóò fi lè ṣe é.